Ìdọ̀bálẹ̀ Nísàlẹ̀ Òkun Pupa

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bó ti wù kí n bẹ̀ ẹ́ tó pé kó máa lọ. Ọjọ́ náà ni mo dọ̀bálẹ̀ kí ìyá ìyàwó mi nísàlẹ̀ òkun, lójú àwọn ẹja tí kò mọ̀ mí rí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìdí rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, nígbà náà, Thamesmead North ni mo sì ń gbé. Èmi àti Bùkọ́lá fẹ́ di tọkọtaya. Bùkọ́lá ti gbà, àwọn òbí mi ti gbà, ó ku Mọ́mì, ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń gbé ní Glyndon Estate. Mọ́mì kò bèèrè ilé, wọn kò bèèrè mọ́tò, ìkíni nìkan ni wọ́n ń wò. Lọ́yà ni ọkùnrin tó wá ṣáájú mi. Ó pàdé Mọ́mì ní ọgbà ìgbafẹ́ Lesnes Abbey, ó jókòó sórí kóríko ibẹ̀, ó sì kí wọn pẹ̀lú fóònù létí. Mọ́mì ní, "Ó kí mi bí ẹni ń kí igi." Bí ọ̀rọ̀ lọ́yà ṣe parí nìyẹn.

Ní tèmi, ẹ̀rù ìdọ̀bálẹ̀ kò bà mí. Mo ti dọ̀bálẹ̀ fún Mọ́mì ní ìloro ilé wọn, mo ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, mo tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ní Plumstead lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, débi pé ìyá arúgbó òyìnbó kan fẹ́ pe áńbúláǹsì fún mi. Mo rò pé mo ti gba máàkì tó.

Àṣé orúnkún ló máa kó bá mi. Orúnkún ń dun Mọ́mì, dókítà sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa lọ lúwẹ̀ẹ́ ní Woolwich. Orúnkún sàn, Mọ́mì kò jáde nínú omi mọ́. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn wọ ìsàlẹ̀ omi. Nígbà tí ọjọ́ ìbí ọdún márùndínláàádọ́rin wọn ń bọ̀, tí àwọn ìyá ìjọ ti ń sọ̀rọ̀ ìrẹsì àti ẹran, Mọ́mì ní àwọn kò se nǹkan kan.

"Ìjàpá òkun ni mo fẹ́ rí," ni wọ́n wí. "Ó wà ní Òkun Pupa."

"Ìjàpá kẹ̀, mà? Ṣé àlọ́ rẹ̀ tí a ti gbọ́ kò tó?"

"Òun ni. Ìwọ náà á sì bá èmi àti Bùkọ́lá lọ. Mo fẹ́ wo ìwà rẹ níbi tí kò sí ará ilé tó ń wò ọ́."

Òkun Pupa. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì gbọ́n, ẹsẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n fi kọjá. Fáráò wọ inú omi, gbogbo wa la mọ ibi tó bá a dé. Àwa wáá gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, a wọ bàálù, ká lè lọ ṣe bíi Fáráò. Kí a tó lọ, èmi náà gba ẹ̀kọ́ níbi ìlúwẹ̀ẹ́ ní Woolwich. Òfin kan ni olùkọ́ ń tẹnu mọ́: ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, má yọ rọ́bà tí o fi ń mí kúrò lẹ́nu. Mo wò ó bíi pé ọmọdé ló ń bá sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìbí náà, mo bá aṣọ rọ́bà tí a ń wọ̀ wọ omi jà. Ìgbà tí mo wọ̀ ọ́ tán, tí síìpù wà níwájú mi, ni mo rí i pé ẹ̀yìn ló yẹ kó wà. Kí n tó bọ́ ọ, kí n tó tún un wọ̀, ọkọ̀ ojú omi àkọ́kọ́ ti gbé Mọ́mì àti àwọn tó mọ omi wọ̀ dáadáa lọ. Bùkọ́lá, tí kì í jẹ́ kí omi kọjá kókósẹ̀ òun, wà létí òkun.

"Ṣé o ti kí Mọ́mì?"

"Wọ́n ti lọ kí n tó jáde."

"O ò tíì kí Mọ́mì? Lónìí?"

"Màá kí wọn tí mo bá débẹ̀."

"Níbo? Nínú omi?" Ó pòṣé.

Ìpòṣé yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀ kejì, òun náà ni mo gbé wọ inú òkun. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Iyùn tí àwọn ọba ilé wa ń so mọ́rùn, níbẹ̀ ó kàn hù káàkiri bí oko tí ẹnikẹ́ni kò ro. Àwọn ẹja aláwọ̀ èsúrú ń wò mí láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbádùn ara mi nígbà tí mo yí igun òkìtì iyùn kan, tí mo sì bá Mọ́mì pàdé lójúkojú. Ojú wọn ràn nínú gíláàsì. Wọ́n na ìka, tààrà, síhà ọ̀dọ̀ mi.

Mo ní ó ti bùṣe, wọ́n ń bi mí léèrè ìkíni. Mo ti rí lọ́yà àti fóònù rẹ̀ lójú mi.

Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé máa ṣe? Mo dọ̀bálẹ̀. Àmọ́ omi kò mọ àṣà. Orí mi lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ mi lọ sókè, ìdí mi ló kọ́kọ́ kí àna mi. Mo tú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀wù tó ń mú mi léfòó dànù, mo sì balẹ̀ gbalaja sórí yanrìn bí àpò sìmẹ́ńtì. Eruku yanrìn bo gbogbo wa. Ọmọ Íjíbítì tó ń darí wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin lu sílíńdà rẹ̀, kan-kan-kan. Mo rò pé ó ń yẹ́ mi sí ni.

Ìdọ̀bálẹ̀ tí kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ti odi ni. Mo bá yọ rọ́bà ìmí kúrò lẹ́nu.

"Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ọjọ́ ìbí."

N kò mọ̀ bóyá "ọjọ́ ìbí" jáde. Òkun Pupa ti wọlé. Mo wá rọ́bà, n kò rí i. Iyọ̀ tí mo gbé mì tó se ọbẹ̀ fún gbogbo ìjọ wa, títí kan àwọn tí kì í wá lọ́jọ́ ìsinmi. Láàárín eruku náà ni ọwọ́ kan ti gbá mi lọ́rùn mú, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń mú ọmọ tí kò fẹ́ lo oògùn, wọ́n sì ti rọ́bà kejì, ti ara wọn, bọ̀ mí lẹ́nu. Díẹ̀díẹ̀ ni Mọ́mì fà mí gòkè, tí mò ń mu afẹ́fẹ́ lára ìyá ìyàwó mi bí ọmọ ọmú.

Nínú ọkọ̀, wọ́n tẹ́ mi sílẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí mo sì ti wà nílẹ̀ náà, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀," ni Mọ́mì wí. "Ṣé o sùn dáadáa?"

"Mo dúpẹ́ mà."

"Ìjàpá òkun wà lẹ́yìn rẹ. Ó tóbi tó tábìlì. Mò ń nawọ́ sí i kí o lè rí i ni. O kí i títí ó fi sá lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Mo rò pé èmi lẹ nawọ́ sí."

"Kí ni mo fẹ́ fi ìwọ ṣe nísàlẹ̀ omi? Èmi tí mo ti ń rí ọ ní Plumstead." Wọ́n fún omi kúrò nírun wọn. "O jẹ mí ní ìjàpá kan. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ lo máa mú mi padà wá. Bẹ́ẹ̀ n kì í bá ọkùnrin tí kì í ṣe ọmọ mi rìnrìn àjò lẹ́ẹ̀mejì. Sọ fún àwọn ará ilé yín kí wọ́n wá rí mi."

Omi ṣì kún mi létí, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé wọ́n ti fún mi níyàwó.

A ṣègbéyàwó, a sì padà lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jí kí Mọ́mì kí oòrùn tó yọ. Nísàlẹ̀ omi, mo fi eyín di rọ́bà mú, mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo dúró bí òpó. Ìjàpá òkun dé, ó rọra kọjá láàárín èmi àti Mọ́mì bíi bọ́ọ̀sì tí kò lérò. Mọ́mì wò mí. Èmi wo ìjàpá. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn kọ́kọ́ mí kó tó kí, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n dáadáa, àfi ìgbà tí a gòkè.

"Ọkọ Bùkọ́lá."

"Mà."

"Mo rí ìjàpá mi, o ṣeun. Àmọ́ a jọ wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, o wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò sí ibi tó máa sá sí. Mo sì dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, tòun ti sílíńdà lẹ́yìn mi. Èèyàn méjì ló gbé mi dìde.