Afẹ̀rọ-Ṣohun-Gbogbo àti Ìyá Rẹ̀

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ti rí ọ̀la kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ẹ má wá a lọ jìnnà. Ọ̀gá Afẹ̀rọ-Ṣohun-Gbogbo nìyẹn, ọkọ kọ̀ǹpútà, àna íńtánẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ funfun ju eyín rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn ló ń tà. Lójú tirẹ̀, òpè ni gbogbo ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ. A sì máa pòwe pé: "Ẹni tí kò bá gun ọ̀la lẹ́ṣin, ọ̀la á tẹ̀ ẹ́ pa." Kò sẹ́ni tó mọ bàbá tó bí òwe náà.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, ó gbé e sórí tábìlì, ó tàn án. Bí àwọn aláìsàn àti òṣìṣẹ́ tó pé jọ bá nawọ́ sókè pé àwọn fẹ́ ẹ, ẹ̀rọ náà ni yóò máa gbé tẹlifóònù ibẹ̀, obìnrin tó ti ń gbé e tipẹ́ yóò sì fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ sílé. Obìnrin náà jókòó níwájú, ó di báàgì rẹ̀ mú. Ọ̀gá ò tilẹ̀ rí i. Ìyá tirẹ̀ ló ti pè wá wo iyì ọmọ rẹ̀, ó sì fi í sí ìlà ẹ̀yìn.

"Tí ara mi ò bá yá tí mo pè," bàbá arúgbó kan béèrè, "ṣé nǹkan yìí máa mọ̀ pé ohùn mi ti yí padà?"

"Á mọ̀ ju èèyàn lọ, bàbá. Ẹ jẹ́ n fi ara mi ṣàpẹẹrẹ." Orí Ọ̀gá ń wú. "Ọwọ́ mi kì í dilẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ló ń fi ohùn mi pe màmá mi láràárọ̀, màmá ò sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀."

Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu rẹ̀ tán kó tó rántí ìlà ẹ̀yìn.

Màmá fọwọ́ ti àga, ó dìde. "Ọkọ mi, ìwọ kọ́ ló ń béèrè bí orúnkún mi ṣe rí láràárọ̀?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nílé."

"Abájọ. Mo ní ọmọ yìí mà ti yí padà, ó ti ń fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àdúrà tí mò ń gbà fún ẹ ńkọ́? Ta ló ń ṣe àmín?"

Ọ̀gá tẹjú mọ́ bàtà funfun rẹ̀. "Ẹ̀rọ ni, màmá."

"Ó dáa. Ẹni tó ṣe àmín ló ni àdúrà. Ọlá, ọlà, ẹ̀mí gígùn, kó máa kó o lọ. Mi ò bá a jà o, ọmọlúàbí ni."

Ẹ̀rín gba yàrá náà kan. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ ẹ̀rọ nawọ́, ọwọ́ kan ṣoṣo ló lọ sókè. Bàbá arúgbó ni, ilé ìtọ̀ ló ń béèrè. Obìnrin onítẹlifóònù ló fọ̀nà hàn án, tayọ̀tayọ̀.

Ọ̀gá sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Màmá, ẹ dákun, ẹ tún àdúrà yẹn gbà. Èmi fúnra mi á ṣe àmín."

"Èwo nínú orúnkún mi ló ń dùn mí?"

Ọ̀gá wo ọ̀tún, ó wo òsì.

Ohùn tirẹ̀ gan-an ló dáhùn láti orí tábìlì. "Ti òsì ni, màmá. Ṣé ẹ ti fi omi gbígbóná sí i lónìí?"

"Mo ti fi sí i, ọmọ mi," ni màmá wí. "O ṣeun."