Etí Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú Lára Ògiri

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ògiri létí? Kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nawọ́ sókè. Ó dáa, ẹ sọ ọwọ́ yín kalẹ̀. Gbogbo yín lẹ mọ òwe náà. Ìyá yín ti fi pa yín lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ ka iye ẹran inú ìkòkò lójú àlejò. Ìdí rẹ̀ ni mo bèèrè. Ẹnì kan níwájú níbẹ̀ ń sọ pé òwe yìí ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá òun. O ṣeun. Ṣé o wà níbẹ̀ ni? Jókòó, jẹ́ ká mú un lẹ́sẹẹsẹ.

Ní ìlú Ìkìrun, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ ìwé ìtàn fún àwọn ọ̀dọ́, àwọn tí irùngbọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lágbọ̀n wọn àti àwọn tí dígí kì í kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó mọ ọ̀dọ́ dáadáa. Òun náà ti ṣe ọ̀dọ́ rí, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi lẹ́tà kí ọ̀rẹ́. Èyí tó lókìkí jù nínú ìwé rẹ̀ ni Ọmọlúàbí Kì Í Fetí Kọ́, tó fi kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n yé dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn gbọ́ ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀. Ẹ fi orúkọ ìwé yẹn sọ́kàn. A ó padà sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Arábìnrin Mojírádé, olóòtú ní ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé rẹ̀, pè é lórí fóònù nípa ìtàn tuntun tó fi ránṣẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mo ti kà á. Ọmọ ọdún mélòó ni Mosún inú ìwé yìí?"

"Mẹ́rìndínlógún."

"Ó wá ń sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, 'Ìwọ ọ̀rẹ́ mi àtàtà, jẹ́ kí á gbéra ńlẹ̀, nítorí ọjọ́ kì í dúró de ẹnì kan.' Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Mosún ti joyè ni?"

"Ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé ni."

"Kò sí ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ báyìí mọ́, sà. Ẹ bá wa tún un kọ, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ. Mò ń bọ̀ wá gbà á níparí oṣù. Bí kò bá tíì yí padà, ẹlòmíràn la ó gbé iṣẹ́ náà fún. Ẹ má bínú."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú lára. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò tún máa pe ara rẹ̀? Ó wọ yàrá ìkọ̀wé rẹ̀ lọ, ó ń retí ìmísí. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìwé kíkọ rọrùn, ẹ gbọ́ o. Oǹkọ̀wé kì í kàn jókòó kó máa kọ. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu tábìlì. Ó gbọ́dọ̀ po tíì, kó gbàgbé rẹ̀ títí yóò fi tutù, kó tún po òmíràn. Ó gbọ́dọ̀ gé èékánná, nítorí èékánná gígùn kì í jẹ́ kí ìmísí wọlé. Lẹ́yìn náà ni yóò fi bírò há etí bíi káfíńtà, tí yóò sì máa wo àjà. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú ṣe gbogbo rẹ̀ pé. Ìmísí ò yọjú.

Ìgbà náà ló gbọ́ ẹ̀rín láti ẹ̀yìn ògiri.

Yàrá kejì ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì ní lẹ́sìnnì. Yàrá kan ṣoṣo ni méjèèjì tẹ́lẹ̀. Onílé ló fi pákó fẹ́lẹ́ pín in, ó fi ọ̀dà kùn ún, ó sì pè é ní ògiri. Ihò kan wà lára rẹ̀ tí ayálégbé kan ti gba wáyà tẹlifíṣọ̀n kọjá nígbà kan rí. Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú wo ihò náà. Ó rántí ìwé tó kọ. Ó wá rántí pé àwọn ọmọdé ló kọ ọ́ fún.

Ó fi ìdí ṣíbí gbẹ́ ihò náà kó fẹ̀ sí i. Ó dẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, ó ká etí, ó rọra tì í bọ ibẹ̀, bírò tó há síbẹ̀ sì bá etí lọ. Ó gbé orí ró kó lè gbọ́ dáadáa. Kẹ̀ẹ́! Bírò ti dábùú ihò ní òdìkejì. Ó fa orí, orí ò wá. Ó tún fà á, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ wò ó, kíláàsì: tipẹ́tipẹ́ la ti ń sọ pé ẹnì kan fetí kọ́, ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú lẹni àkọ́kọ́ tó fi etí kọ́ lóòótọ́, bí aṣọ lára ìṣó.

Ní òdìkejì, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fìyìnfólúwa gbójú sókè.

"Màlíìkì, kí nìyẹn lára ògiri?"

"Olú ni," ni ọmọkùnrin tó jókòó tì í dáhùn. "Òjò ló fà á."

"Olú wo ló ń hu irun?"

"Olú àgbà."

"Olú àgbà tó fi bírò há ara? Orí ẹ ò pé! Yéè, etí ni! Etí!"

Màlíìkì fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tọ́ ọ. Etí gbọ̀n rìrì. Kíláàsì tú ká.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú ò pariwo. Ó dáa, kí ni mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn? Ẹ ṣeun. Ta ló kọ Ọmọlúàbí Kì Í Fetí Kọ́ tó máa lanu sọ pé òun lòun ni etí yẹn?

Kó tó di ọ̀sán, àdúgbò ti tò síwájú etí. Nínú gbogbo ọlọ́gbọ́n tó wà níbẹ̀, kò sí ẹnì kan tó ronú láti lọ wo òdìkejì. Wọ́n ní ògiri tó létí, tó tún ní bírò, ó ní ibi tó ń kọ ọ̀rọ̀ ẹni lọ. Ó sàn kéèyàn tètè jẹ́wọ́. Màlíìkì ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀.

"Ògiri, ẹ jọ̀ọ́ sà. Èmi ni mo jókòó lé gíláàsì ojú tíṣà. Mo ní Fìyìn ni."

"Ìwọ kẹ̀! Màlíìkì, Ọlọ́run máa mú ẹ! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbálẹ̀ kú nítorí gíláàsì yẹn!"

"Jẹ́ n bá ògiri sọ̀rọ̀ tán ná. Ṣé o ò rí i pé ó ń kọ ọ́ ni?"

Onílé náà ṣí fìlà. "Ògiri, foríjì mí. Pákó ni ọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ di ògiri."

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ kedere. Irú ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ tí Arábìnrin Mojírádé ń fẹ́ gan-an nìyí! Ó fi ọwọ́ wá bírò rẹ̀ lórí tábìlì, ó wá a lápò, ó fi ẹsẹ̀ wá a lábẹ́ àga. Kò rí i. Àwa la mọ ibi tó wà.

Nígbà tó yá, ó kan ìyàwó rẹ̀, Ìyá Jọkẹ́, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

"Ògiri, ẹ bá mi bá ọkọ mi wí. Ó ní òun ń kọ̀wé, tábìlì ni mo máa ń bá a tó ń nù. Gbogbo bírò ilé ló ti jẹ nídìí bí ẹni ń jẹ orógbó..."

Ó tẹjú mọ́ ìdí bírò. Ó ti rún wómúwómú.

"Bàbá Jọkẹ́?"

Ó fi ìka tọ́ etí náà wò.

"Bàbá Jọkẹ́, ẹ̀yin kọ́ nìyí?"

"Èmi kọ́," ni ògiri wí.

Ha! Ògiri tó létí ti tún lẹ́nu! Onílé ló kọ́kọ́ gba ojú fèrèsé jáde, fìlà rẹ̀ ò bá a lọ. Nígbà tó ku Ìyá Jọkẹ́ nìkan, ó yọ bírò, etí padà sílé, pọ̀ọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Orúkọ ọkùnrin náà lòun náà ń jẹ́.

"Ẹ ò ṣe kan ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ bi àwọn ọmọ léèrè?" ló bi í nígbà tó délé.

"Ìmísí ni mò ń wá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ìmísí ti fà yín létí."

Àbí ìyà ti parí? Nígbà tí etí rẹ̀ san díẹ̀, ó jókòó láti kọ gbogbo ohun tó gbọ́, kò rántí ju ìgbálẹ̀ tí wọ́n fi tọ́ ọ lọ. Ó bọ́ sí ìta láti tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́, ní gbangba lọ́tẹ̀ yìí. Kò bá ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ kankan mọ́. Gbogbo ọmọ àdúgbò ti ń ṣọ́ ẹnu. Ni oṣù bá parí, ìwé ò yí padà, Arábìnrin Mojírádé sì dé láti gba iṣẹ́ rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ wọlé báyìí ló gbọ́ ohùn àwọn ọmọ méjì lẹ́bàá ògiri.

"Ìwọ ọ̀rẹ́ mi àtàtà," ni Màlíìkì wí, "jẹ́ kí á gbéra ńlẹ̀."

"Òdodo lo sọ," ni Fìyìn dáhùn, "nítorí ọjọ́ kì í dúró de ẹnì kan."

Arábìnrin Mojírádé lanu sílẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ń lé yín tẹ́ ẹ fi ń sọ̀rọ̀ báyìí?"

Fìyìn wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó na ìka sí ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ rọra, mà. Ògiri létí."

Obìnrin náà sáré wọlé. "Sà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ mọ́! Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyí! Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátẹ́jú fọwọ́ pa etí rẹ̀. "Ìmísí ni," ló wí.

Àwọn àgbà kan tó ń kọjá lọ ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Fìyìn, wọ́n sì ní àwọn ti ń pa á lówe tipẹ́. Bí àgbà ṣe ń ṣe nìyẹn; ìwọ tó wà níwájú, ṣé o ti rí i báyìí?

Nítorí náà, ògiri létí. Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nínú yàrá, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ pa ògiri kiri. Bọ́wọ́ yín bá ba ohun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má sá. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá bírò wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì bá wọn yọ ọ́.