Ọjọ́ tí Ẹ̀rọ Mi Fo Ìyá Àgbà

Ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Pobè ò tíì kúrò lọ́kàn mi, kò sì jọ pé ó ń múra àtilọ. Bí mo bá rí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ báyìí, ojú á tì mí.

Lẹ́yìn tí mo gba ìwé ẹ̀rí bákì, ọdún méjì ni mo fi bá pàtírọ́ọ̀n, ọ̀gá mi ní Sakété, fa okùn íńtánẹ́ẹ̀tì. Inú àjà ilé onílé ni mo ń gbé ju ilé wa lọ, èmi àti aláǹgbá. Iṣẹ́ yẹn ò le púpọ̀: bí nǹkan ò bá ṣiṣẹ́, yọ okùn, fẹ́ atẹ́gùn sí i, tún un kì bọ ihò ẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí ọmọkùnrin kan ní ọ́fíìsì kan tó jókòó sábẹ́ fáànù, ó ń kọ pírógíráàmù. Èmi rèé, yẹ̀pẹ̀ àjà kún irun mi. Mo ní èmi náà á jókòó. Nígbà tí mo sọ fún pàtírọ́ọ̀n, ó bi mí pé ṣé mo ti kọ ọ́ rí. Mo ní rárá, ṣùgbọ́n inú kọ̀ǹpútà kan náà ṣáà ni gbogbo ẹ̀ wà. Ó wò mí títí, ó ní kí n dá ẹ̀mú òun padà.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi wo fídíò lórí fóònù, mo bá di ọ̀gá. Ìgbìmọ̀ ìkórè ń wá bí orúkọ àwọn ẹbí ò ṣe ní máa dàrú, torí atẹ́gùn ti gbé ìwé wọn lọ lọ́dún tó kọjá. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ lọ sókè. Mo ní máa ṣe ẹ̀rọ tí á máa gbé orúkọ sára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, látorí ẹni tó dàgbà jù.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tó dàgbà jù ló ń kọ́kọ́ gbé ẹrù oko ẹ̀ síwájú pẹpẹ. Bí wọn ò bá tíì pè é, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ tiẹ̀ kalẹ̀, òun náà ò sì gbọdọ̀ dìde fúnra ẹ̀. Ìyá kan ní Ahoyéyé ló wà nípò yẹn. Nígbà tí wọ́n sùn nínú Olúwa, ó kan Ìyá àgbà tèmi. Ìyá ti ń retí ọjọ́ yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti wà nípò karùn-ún. Wọ́n tọ́jú iṣu Igana mẹ́fà, wọ́n fi ọ̀pá kọ́ bí wọn á ṣe rìn, wọ́n sì sọ fún gbogbo àdúgbò pé ẹ̀rọ ọmọ àwọn ló máa pe àwọn.

Ọjọ́ pé. Èmi nìyí nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà bí gbogbo wa, mo ń wo àwọn èèyàn bí ẹni tó dá iná mànàmáná sílẹ̀. Fofó Basile, ẹ̀gbọ́n tó ń darí ètò, gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Mo tẹ bọ́tìnnì. Orúkọ Bàbá Ìdòwú ló yọ, ẹni tó tẹ̀lé Ìyá lọ́jọ́ orí.

Bàbá dìde, wọ́n wo Ìyá, wọ́n padà jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà ńlẹ̀," wọ́n ní. "Mi ò tíì ya wèrè."

Mo ní okùn ni. Okùn kankan ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, inú kọ̀ǹpútà níbẹ̀ ni gbogbo orúkọ wà, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Mo rákò wọ abẹ́ bẹ́ǹṣì, láàárín ẹsẹ̀ àwọn ìyá ìjọ, mo tọ okùn dé ìdí ẹ̀, mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo tún un kì. Nígbà tí mo jáde, sùtánà mi ti dà bíi sìmẹ́ǹtì Onigbolo. Mo tún tẹ ẹ́. Bàbá Ìdòwú. Bàbá tún dìde, wọ́n tún jókòó. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọn ò dìde mọ́. Wọ́n ní orúnkún àwọn kì í ṣe ti ọmọdé.

Mo di bọ́tìnnì mú, orúkọ ń sáré lára ògiri bíi ọ̀kadà zẹ́mì tó ń sá fún ọlọ́pàá, títí orúkọ fi tán, tó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà ń kọ bí kò bá rí nǹkan mọ́: undefined. Fofó Basile kà á tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n ní kí ẹbí náà jáde. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Àwọn ará ìjọ ní orúkọ yìí kì í ṣe faransé, gẹ̀ẹ́sì ni, àlejò láti Nàìjíríà ni yóò jẹ́. Ọkùnrin kan tó wá kí àna ẹ̀ láti Ìlárá bá dìde tìtìjú-tìtìjú, ó ní Sunday lorúkọ òun, ṣùgbọ́n bóyá báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́ níbí. Ó gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀, ó ku díẹ̀ kó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú pẹpẹ kí wọ́n tó fà á padà.

Gbogbo ojú wá padà sọ́dọ̀ mi. Mo sáré lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n máa bọ̀, èmi ni mo pè wọ́n. Wọn ò bínú, ìyẹn ló burú jù.

"Ọkọ mi," wọ́n ní, "mo ti sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ẹ ló máa pè mí."

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Mo pa pírógíráàmù mi tì, mo ṣí ojú ewé òfìfo, mo sọ lẹ́tà di ńlá, mo ń fi ìka kan tẹ orúkọ wọn, torí àwọn ìka yòókù ò gbọ́ tèmi mọ́. Ìjọ ń wo lẹ́tà bó ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: Ì, Y, Á. Kí n tó parí Ìyá Àbẹ̀kẹ́, àwọn kan ti ń bá mi pè é. Fofó Basile kà á. Ìyá dìde, wọ́n rìn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, wọ́n gbé iṣu kalẹ̀.

Láti ibẹ̀, mo tún ṣí pírógíráàmù mi, ó sì ṣe dáadáa, torí orí ẹni kejì ló ti ń bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó parí, undefined tún yọ. Sunday ò dúró de ìpè. Ó ti wà níwájú pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni mo rí àṣìṣe náà. Kọ̀ǹpútà kì í ka nǹkan látorí ení, orí òdo ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá wà ní òdo, èmi sì ní kó bẹ̀rẹ̀ látorí ení. Mo lọ ṣàlàyé fún wọn, mo bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí ni mò ń sọ.

"Àwọn yòókù, ńṣe ló ju orúkọ wọn sára ògiri. Tèmi, ó fara balẹ̀ kọ ọ́."

Mi ò bá wọn jiyàn. Mo ti ìdí okùn wá sídìí pírógíráàmù, mo rò pé orí ení ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé òdo ni mo wà. Mo ti wá bẹ̀rẹ̀ láti òdo báyìí, mo sì ti kúrò níbẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ kí n má purọ́: lánàá, pírógíráàmù mi kọ̀, kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà lábẹ́ tábìlì, mo ń fẹ́ atẹ́gùn sídìí okùn. Mo jókòó síbẹ̀, mo fi ara mi rẹ́rìn-ín.