Orúkọ Tí Mo Fi Bọ́tìnì Ọfà Tì Kúrò Lára Pósítà Ẹ̀gbọ́n Mi

Àlhájà Sàlámótù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ẹnú Ọ̀wá, ọmọ Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, ọmọ aròmi sá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ adúmáadán, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, a-jí-kí-gbogbo-agboolé kí wọ́n tó bọ́jú. Ẹ̀gbọ́n mi ni, òun ló sì tọ́ mi nígbà tí ìyá wa kú. Àárọ̀ ọjọ́ Alàmísì kan ló lọ, kí ìrun Àsùbá tó parí. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi ṣe lọ́jọ́ náà kò ní kúrò lọ́kàn mi títí èmi náà á fi tẹ̀lé e. Inú ṣì ń bí mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí gan-an, ó ń bí mi.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Tí mo bá kú, ẹ lẹ pósítà mi sára géètì, kí orúkọ ẹ̀yin ọmọ bàbá mi tó kù wà lábẹ́ fọ́tò mi. Ìwọ àti Ràṣákì. Má yọ Ràṣákì o. Mo mọ̀ ẹ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Ràṣákì ni àbúrò wa, ìyá ọ̀tọ̀ ló bí i. Ọdún mẹ́sàn-án ni kò fi kí ẹ̀gbọ́n mi, nítorí yàrá kan ṣoṣo nínú agboolé, yàrá tí òjò ń jò sí! Á kàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó iná kọjá.

Wọ́n ní lẹ́yìn ìrun Alásárì la máa sin ín, torí náà pósítà gbọ́dọ̀ jáde kíákíá kí àwọn èèyàn lè mọ̀. Èmi ni mo sáré lọ sí Ìdúmọ̀tà, sí ṣọ́ọ̀bù Mùínátù tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe pósítà, ọmọ Síkírù tó máa ń tún rédíò ṣe nígbà kan. Nínú ìkánjú yẹn, mo gbàgbé awò ojú tí mo fi ń kàwé sójú fèrèsé yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Mùínátù gbé fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi sójú kọ̀ǹpútà. Mo ní kò wà láàárín.

"Ẹ fúnra yín sún un, Dádì. Bọ́tìnì mẹ́rin tí wọ́n ya ọfà sí nìyí. Ohun tí mo bá yàn ni ọfà máa gbé. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, á sún díẹ̀."

Mo tẹ ọfà ọ̀tún. Fọ́tò náà sún díẹ̀, àfi bí ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì. Omi bọ́ lójú mi. Mùínátù ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Dádì. Ẹ tiẹ̀ ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ." Mo sì gbà á gbọ́. Ẹ wo àgbàlagbà!

Fóònù Mùínátù dún. Ràṣákì ni. Ó ní kó kọ orúkọ òun ṣáájú. Mùínátù sì kọ ọ́ ṣáájú, ó wá kọ tèmi sábẹ́ ẹ̀.

"Ṣé òun ló dàgbà ni? Yọ ọ́!"

"Háà, Dádì, n ò lè yọ orúkọ ọlọ́fọ̀ o. Ẹ lọ parí ẹ̀ nílé."

Ó wá rí i pé òun ṣi orúkọ tèmi kọ, ó tún un ṣe. Nígbà tó parí, mo rí ìlà tín-ínrín kan tó yí ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ yẹn ká. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ló fi ṣe fún mi. Mo ní nínú ara mi pé, ó kéré tán, ọmọ yìí mọ àgbà. Ló bá dìde.

"Mo fẹ́ lọ mú bébà lókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan."

Kò tíì gun àtẹ̀gùn tán tí mo fi sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo fi ìka òsì lé ibi tí orúkọ Ràṣákì wà lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ̀rọ lè mọ ẹni tí mò ń bá wí. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ọfà. Kò sún. Mo tún tẹ̀ ẹ́. "Lọ!" Kò mà lọ. Mo wá ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń kan ìṣó: èyí fún yàrá tó ń jò, èyí fún ẹran Iléyá tó dá padà, èyí fún oṣù mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi fi wà lórí àìsàn tí kò yọjú. Níkẹyìn mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, n ò gbé e kúrò. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ náà kàn ń wọ́ ni, pé ó ń ka gbogbo ẹ̀ pa mọ́. Lójijì, ìlà kan fò jáde kúrò lórí pósítà bí olè tó rí ọlọ́pàá. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Ó ku ẹyọ kan. Mo rẹ́rìn-ín, èmi tí òkú wà nílé mi.

Mùínátù padà dé. "Dádì, ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa?"

"Tẹ̀ ẹ́," ni mo wí. Ó tẹ ọgbọ̀n pósítà jáde.

Èmi fúnra mi ni mo lẹ àkọ́kọ́ mọ́ géètì agboolé wa. Ràṣákì jáde, ojú ẹ̀ pọ́n. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yín dà?"

"Orúkọ ta ni?"

"Tiyín. Tèmi nìkan ni mo rí. Àbí ẹ ò bá wa ṣòkú ni?"

"Irọ́ lò ń pa, oníyẹ̀yẹ́!"

Ìyàwó mi Sìdíkátù lọ mú awò ojú mi wá. Mo fi sójú. Orúkọ Ràṣákì ló dá dúró gbàgà lábẹ́ fọ́tò Àbẹ̀kẹ́. Tèmi ti lọ ráúráú, lára gbogbo ọgbọ̀n.

Ràṣákì wò mí títí. "Èmi lẹ fẹ́ tì dànù, àbí?"

Mo ń nu awò ojú mi. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bàbá wa gẹ́lẹ́, gbogbo agboolé sì bá a rín in. Lẹ́yìn náà ó yọ bíró lápò, ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń kọ orúkọ mi sára pósítà lọ́kọ̀ọ̀kan, lókè tiẹ̀. Inú bí mi ju ti àárọ̀ lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ìkọ̀wé ẹ̀ burú bí ibi tí adìyẹ tàn. Èkejì, ta ló ní kó ṣe dáadáa lọ́jọ́ tí mo ti pinnu láti bá a jà?

Nígbà tí Mùínátù wá kí wa lọ́sàn-án, mo rojọ́ fún un, ó ní ìlà tó yí orúkọ mi ká yẹn, àmì pé òun ni ọfà máa gbé ni. Ó ní ọfà kì í tẹ̀ lé ìka, kì í sì í tẹ̀ lé ìbínú. Mo ti kọ́gbọ́n: bí inú bá ń bí mi, kí n kọ́kọ́ wo ẹni tí mò ń tì. Mo rẹ́rìn-ín, ó sì korò lẹ́nu mi, torí ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ pé òun mọ̀ mí.

A sin Àlhájà Sàlámótù Àbẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ìrun Alásárì lọ́jọ́ Alàmísì yẹn. Èmi àti Ràṣákì la gbé e sínú ilẹ̀.