Ìjó Bàbá Mopé àti Òbúkọ Ìdí Fèrèsé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà àdúgbò wa fi ń pa òwe pé kì í ṣe gbogbo ohun tó ń jó ló ń jóná? Àwọn kan á ní igi tútù ló bí òwe náà. Irọ́ ni. Òbúkọ ló bí i. Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni. Òjò ti dá, àmọ́ ojú ọ̀run ṣì ṣú, omi ṣì ń kán láti orí òrùlé. Bàbá Mopé, oníbúlọ́ọ̀kù tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó ní pálọ̀, ó ń wo ikùn ara rẹ̀. Ikùn náà ń wo òun náà.

Iṣu tuntun ti dé. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Láti ìgbà tí nọ́ọ̀sì ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, Ìyá Mopé ti fi òfin de iyán nínú ilé. Ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ ló kù fún ọkùnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi kọ́ ìdajì àdúgbò. Ni Mopélọ́lá, ọmọ wọn tó wà ní Kánádà, bá fi ẹ̀rọ géèmù kan ránṣẹ́ sílé. Wọ́n á so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, èèyàn á di ọ̀pá kékeré kan mú, obìnrin kan á máa jó lójú tẹlifíṣọ̀n, ẹni tó wà nílé á sì máa jó tẹ̀ lé e. Bí orin bá parí, ẹ̀rọ náà á kọ iye kálórì tí onítọ̀hún ti jó.

"Dádì," Mopé ti ṣàlàyé lórí fóònù, "oúnjẹ ni igi ìdáná, ara yín ni ààrò. Kálórì la fi ń mọ bí igi tó jó ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀rọ yẹn kàn ń fojú bù ú ni o, kò rí inú yín."

Bàbá Mopé ò gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ yẹn. Òfin ìyàwó rẹ̀ ló gbọ́.

"Iye tí ẹ bá jó ni ẹ ó jẹ," ni Ìyá Mopé wí. "Bí nọ́ńbà bá ga, màá gún iyán. Bí kò bá ga, ẹ̀kọ ń bẹ."

Ọjọ́ àkọ́kọ́, bàbá jó tọkàntọkàn. Òógùn bò ó, orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Orin parí. Iye tó jáde ò tó òkèlè mẹ́ta. Ó bínú, ó jókòó, ó fi ọwọ́ tó di ọ̀pá mú lé eṣinṣin. Nọ́ńbà sún! Ó tún lé eṣinṣin tí kò sí níbẹ̀. Nọ́ńbà tún sún.

"Háà! Ọwọ́ nìkan lo mọ̀!" ló sọ fún tẹlifíṣọ̀n.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó jó. Á na ẹsẹ̀, á máa ju ọwọ́ bí ẹni tó ń fẹ́ iná ààrò. Ìyá Mopé á wá wo nọ́ńbà, á mirí, á sì gún iyán díẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, ọwọ́ ń dùn ún. Ọwọ́ tó ń jó ò sì ṣeé fi bu òkèlè. Ló bá gbójú sókè, ó rí òbúkọ rẹ̀ lóde nídìí fèrèsé, tó ń mi orí.

Ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ó so ọ̀pá mọ́ òbúkọ lọ́rùn. Ó ta okùn sókè, ó so ọ̀pọ̀ èèpo iṣu mọ́ ọn, ní ibi tí ẹran náà ò lè dé àfi tó bá fò. Òbúkọ fò. Nọ́ńbà fò. Kó tó di ọ̀sán, iye tó wà níbẹ̀ ti tó ti odindi iṣu. Ìyá Mopé wò ó, ó lanu.

"Bàbá Mopé, ẹ rọra o!"

"Mò ń gbìyànjú ni," ni bàbá dáhùn, ó ń nu òógùn tí kò sí.

Ìyá gún iyán, ó gbé e fún un, ó lọ ra ọṣẹ lójú títì. Bàbá ò tú òbúkọ sílẹ̀. Òun ń jẹ ti ọ̀sán, òbúkọ ń jó ti alẹ́.

Àṣé nọ́ńbà náà ń dé orí fóònù Mopé ní Kánádà. Ọmọ jí, ó wò ó, ó pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, Dádì ńkọ́?"

"Ó wà nílé, ó ń jó."

"Ẹ sáré o! Ẹni tó bá fẹsẹ̀ sáré dé Ìbàdàn ò lè ní iye yìí! Ó ti jó kọjá agbára rẹ̀, ọkàn rẹ̀ lè dáwọ́ dúró!"

Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Mopé. Ó kí eré mọ́lẹ̀, gèlè bọ́ lórí rẹ̀. "Ẹ gbà mí o! Ọkọ mi ń jó! Ó ti jó kọjá agbára rẹ̀!"

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Lédè tiwa, ẹni tó bọ́ sójú agbo ń jó, ilé tí iná ràn mọ́ náà ń jó. Bí obìnrin bá já gèlè sílẹ̀, tó ń ké pé ọkọ òun ń jó, èwo lẹ máa gbé omi fún?

Làísì tó ń lẹ táyà gbé garawa omi dúdú tó fi ń wá ibi tí táyà ti lu. Àwọn yòókù bu yanrìn. Wọ́n ta ilẹ̀kùn nípàá. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkèlè dé ẹnu ni. Làísì ò dúró wá èéfín. Wọ̀ọ̀!

"Làísì! Kí ni mo fi ṣe ẹ́?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Wọ́n ní ẹ ń jó ni."

"Èmi? Èmi tí mo jókòó láti àárọ̀?"

Ọ̀rọ̀ ti jáde tán kó tó rí i pé ìyàwó òun wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Mopé wo tẹlifíṣọ̀n: nọ́ńbà ṣì ń gòkè. Ó wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ méjèèjì: ọ̀kan wà nínú ọbẹ̀, èkejì ń nu ojú.

"Bàbá Mopé, ta ló ń jó?"

Ìdí fèrèsé ló dáhùn: "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!"

Làísì jáde lọ wò ó, ó fọwọ́ kan ìhà òbúkọ. "Ìyá, ẹran yìí ti já èèpo bọ́ látorí okùn lemọ́lemọ́. Ó ti jó títí, ikùn rẹ̀ ṣì yọ ju ti àná lọ."

Ìyá Mopé wo ikùn òbúkọ, ó wo ikùn ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Mo ti rò pé mo ti di opó," ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹkún ló fẹ́ sun, ẹ̀rín ló gba ẹnu rẹ̀ jáde.

Làísì gbé garawa rẹ̀ tó ti ṣófo. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ da yanrìn yín nù, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń jó ló ń jóná."

Bàbá Mopé wo iyán tí omi táyà bò. Ó rọra yí i padà, ó bu ìsàlẹ̀ tí kò tíì tutù, ó fi sẹ́nu.