Ọjọ́ tí Ohùn Ìyá Àgbà Kọ̀ tí Kò Jáde nínú Dísìkì

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi dàgbà kùjọ́kùjọ́. Bí mo bá rántí ẹ̀ nígbà tí mo ń jẹun, òkèlè á há mi lọ́fun. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín ná.

Ìyá tó bí bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló mọ oríkì ilé wa dé gbòǹgbò. Lọ́dọọdún, tí a bá ń bọ àwọn baba ńlá wa ní abúlé wa lọ́nà Tatonnonkon, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa pe orúkọ àwọn tó ti lọ, tòun ti oríkì kálukú. Ẹni tí a kò bá pè, a gbà pé ebi ń pa á lọ́hùn-ún. Nígbà tí ara wọn kò le mọ́, mo jókòó tì wọ́n lábẹ́ igi ọsàn, mo fi tẹlifóònù gba gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Èmi nìkan ni mo mọ kọ̀ǹpútà lò nínú ẹbí, torí mo ti ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fótókọ́pì ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà ibẹ̀ tó ti gbó, ọ̀gá mi fún mi ní dísìkì inú ẹ̀, irú èyí tó rí pẹlẹbẹ, tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Inú ẹ̀ ni mo kó ohùn Ìyá Àgbà sí, mo sì pa á rẹ́ lórí tẹlifóònù torí àyè ti tán. Mo wá ń fọ́nnu káàkiri: "Nǹkan tí kì í yí, kí ló fẹ́ bàjẹ́ nínú ẹ̀? Yóò pẹ́ ju gbogbo wa lọ!" Ẹnu mi yìí, ẹ bá mi wá ohun tí n ó fi dí i.

Nígbà tí Ìyá Àgbà sùn tí wọn kò jí mọ́, Bàbá Olórí-ẹbí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, gba dísìkì náà tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n fi kàfúrà sí i, wọ́n gbé e sínú àpótí tí aṣọ àwọn baba wa wà, nínú yàrá abẹ́ páànù tó máa ń gbóná bí ààrò. "Ohun iyebíye kì í jáde lójoojúmọ́," ni wọ́n wí. Inú mi dùn dọ́ba. Ọdún ń gorí ọdún, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. A kò tilẹ̀ kọ́ oríkì náà mọ́. Bàbá á kàn pe àwọn díẹ̀ tí wọ́n rántí, wọ́n á ní, "Àwọn tó kù wà nínú àpótí."

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Bàbá ní gbogbo ẹbí gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà, kí àwọn ọmọ lè mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀. Èèyàn wá láti Àjà-Wẹ̀rẹ̀, wọ́n wá láti Ikpinlẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe ìjọ Sẹ̀lẹ́ náà wá pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn. Mo to kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí tábìlì, mo ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín.

Mo so dísìkì mọ́ kọ̀ǹpútà. Kò fi nǹkan kan hàn. Mo yọ ọ́, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo tún un so. Kọ̀ǹpútà wá fi Faransé bi mí bóyá kí òun pa ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ rẹ́, kí òun tún un tò.

Àkànní àbúrò mi, tí ìwàǹwára ń bá jà, kígbe lẹ́yìn mi: "Tẹ 'wí', bẹ́ẹ̀ ni wọn, jàre! Tí ẹ̀rọ bá béèrè nǹkan, 'wí' ni wọ́n ń tẹ̀!"

Ìka mi ti wà lórí ẹ̀ kí n tó kà á tán. Mo fa ọwọ́ yọ fìrì.

"Ṣé Ìyá kò sí níbẹ̀ ni?" Bàbá béèrè.

"Ó ń bọ̀, Bàbá. Wọ́n... wọ́n sùn díẹ̀ ni."

Yéè, mo gbé! Àǹtí, àbúrò Bàbá lóbìnrin, ti dìde. "Ìyá mi ò sùn. Wọ́n ń bínú ni. Ta ló ṣẹ̀ wọ́n nínú yín?" Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ àdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí kò sẹ́ni tó dáhùn, Àǹtí fúnra wọn kúnlẹ̀ gbì níwájú kọ̀ǹpútà: "Ìyá, ẹ foríjì mí. Aṣọ òkè yín tí a wá títí, èmi ni mo mú un."

"Háà! Ìwọ ni?" Bàbá pariwo. "Mo torí aṣọ yẹn bá ìyàwó mi jà!"

Ẹ̀rín gbọ̀n mí, mo gbé e mì. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ẹ̀rù gidi. Kì í ṣe ìbínú òkú ni mo ń bẹ̀rù. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé ó lè jẹ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, pé èmi ni mo sọ orúkọ àwọn baba wa nù.

Bàbá ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ kíákíá. Àǹtí ní Ìyá àwọn ò ní dá lọ. Àwa méjèèjì gun ẹ̀yìn zẹ́mì kan, ọkadà akérò. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ dúdú wa yìí sì ti di ẹrẹ̀ tó ń yọ̀. Àǹtí gbá dísìkì mọ́ àyà, wọ́n ń sọ fún un pé, "Ìyá, ẹ rọra, a ti fẹ́ dé." Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni ọkadà ti yọ̀, ó da gbogbo wa sínú ẹrẹ̀. Àǹtí dojú bolẹ̀, àmọ́ ọwọ́ wọn kan nà sókè gbọnrangandan: "Ìyá ò fara pa o!"

Atúnkọ̀ǹpútà-ṣe náà, ọkùnrin kan tó máa ń pariwo bí ẹni ń ta ọjà, wò wá láti orí dé ẹsẹ̀. "Ó ti pẹ́ tó báwo tí eléyìí ti rí iná kẹ́yìn?" Nígbà tí mo sọ fún un, ohùn ẹ̀ wálẹ̀. "Iná ni irú dísìkì yìí fi ń rántí nǹkan, iná bíńtín bíńtín tó há sínú ẹ̀. Tó bá ti gbó, tó ti ṣiṣẹ́ púpọ̀, tẹ́ ẹ wá gbé e síbi tó gbóná láìfún un níná, díẹ̀díẹ̀ lá máa jò dànù."

"Ṣé ó ti jò tán?"

"Mi ò mọ̀."

Ó so ó mọ́ iná, ó ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. A jókòó pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Àǹtí di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ wọn tutù nini. Ó pẹ́, ó pẹ́ gan-an, kí ọkùnrin náà tó rí díẹ̀ fà yọ. Ohun tá a kọ́kọ́ gbọ́ ni ohùn Ìyá Àgbà: "Ọmọ yìí, ṣé ò ń gbọ́ mi, àbí tẹlifóònù yẹn lò ń wò?" Ẹkún gbọ̀n Àǹtí. Èmi náà sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà oríkì bẹ̀rẹ̀, ó lọ díẹ̀, ó já. Ìyókù ti lọ.

Nígbà tá a délé, wọ́n gbọ́ ọ. Ó já níbi tó ti já. Bàbá di ojú, wọ́n gbé e láti ibẹ̀. Wọ́n há, Àǹtí gbà á. Àǹtí há, bàbá arúgbó kan láti Ikpinlẹ̀ gbà á. Orúkọ ń jáde, àmọ́ gbogbo ẹ̀ kọ́. Bàbá wá da omi sílẹ̀: "Ẹ̀yin tí a kò rántí orúkọ yín mọ́, ẹ má bínú. Ẹ bá wa jẹun."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Mo ti kọ́gbọ́n: ohun tó bá níyì, ẹ máa yọ ọ́ wò, ẹ máa fún un níná, ẹ má sì fi í síbì kan ṣoṣo. Bàbá ò sì jẹ́ kó parí síbẹ̀. Wọ́n ní èmi tí mo ní kì í bàjẹ́ ni n ó kọ́ oríkì náà sórí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń dìde lọ́dọọdún, tí ohùn mi ń gbọ̀n bí ti ewúrẹ́ tí òjò pa. Àwọn ọmọ á kóra jọ sẹ́yìn ilé, wọ́n á máa sín mi jẹ, láti orúkọ àkọ́kọ́ títí dé èyí tó kẹ́yìn, wọn ò ní fo ọ̀kan. Bí mo bá gbọ́ wọn, màá rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú mi, mi ò sì ní bá wọn wí.