Jíìpù Tó Ń Fi Àdúrà Gun Òkè

Ẹ súnmọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí ẹni tí òtútù ń mú fa aṣọ bora. Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà Ìlapà fi máa ń sọ pé, "Ẹni tí ojú ń kán, kó wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà"? Ẹ máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ẹ sì lè rò pé òwe ayé àtijọ́ ni, pé bóyá ọdẹ kan ló kọ́kọ́ pa á nínú igbó. Rárá o. Jíìpù ló bí òwe náà.

Láníyan ló ni jíìpù ọ̀hún. Àlòkù ni, ó sì ti dàgbà kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Okùn ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àwọn iná wẹ́wẹ́ tó wà níwájú dírẹ́bà, tó yẹ kó máa sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, gbogbo wọn ló ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà tọ̀sán-tòru, débi pé Láníyan kò wo ojú wọn mọ́. Bíréèkì ọwọ́, ìyẹn irin tó wà láàárín ìjókòó méjèèjì iwájú, kò lè dá dúró. Bí o bá fà á sókè tí o fi í sílẹ̀, á rọra wálẹ̀ bí orí ẹni tó ń tòògbé. Òkúta ni Láníyan fi ń há táyà bó bá dúró síbì kan.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó fi ń yangàn. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jíìpù náà ló ní agbára, kì í ṣe méjì bíi ti ọkọ̀ ẹlòmíràn. "Kò sí òkè tí kò lè gùn," ni ó máa ń wí. "Kódà bí ògiri bá lè fara tì díẹ̀, á gùn ún."

Láníyan ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Ìyá Ìbídùn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, gbogbo ẹ̀rù ayé ló sì fi tọ́ ọ. Ìbídùn lọ́kọ sí Òkè-Ọsàn, ìlú tó wà lórí òkè gíga, síbẹ̀ bó bá wúkọ́ lọ́hùn-ún, ìyá rẹ̀ ní Ìlapà ni yóò dìde lọ wá oyin.

Ìbídùn wá bí ọmọbìnrin. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ máa fún ọmọ ní oríkì o. Mo ti sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìkómọ, ẹ tètè dé. Ẹ mọ ìyá ọkọ mi. Bí oòrùn bá kan òrùlé tí wọn ò rí yín, àwọn náà ti ní oríkì tiwọn lẹ́nu."

"Kí ni wọ́n fẹ́ pè é?"

"Àjọkẹ́."

"Àjọkẹ́ kẹ̀? Èmi àti ta la jọ fẹ́ kẹ́ ẹ?"

Àṣàkẹ́ ló wà lọ́kàn Ìyá Ìbídùn. Oríkì ìyá tirẹ̀ ni. Ó fẹ́ kó jẹ́ ẹnu òun ni yóò ti kọ́kọ́ jáde, sí etí ọmọ náà gan-an.

Nígbà tí ọjọ́ ìkómọ pé, wọ́n gbéra ní ìdájí. Láníyan wa ọkọ̀. Ìyá Ìbídùn jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jímọ̀, mẹkáníìkì Láníyan, wà lẹ́yìn pẹ̀lú àpótí sípánà rẹ̀, iṣu, òrí, ọṣẹ dúdú, àti adìẹ kan tí kò dákẹ́.

"Láníyan, ẹ̀rù ń bà mí o. Kí ni kí n dì mú?"

"Ẹ di irin yẹn mú, Ẹ̀gbọ́n mi. Kò ṣiṣẹ́. Ó ti kú kí n tó ra ọkọ̀."

Ìyá Ìbídùn da ìborùn rẹ̀ bo irin náà nítorí gíríìsì, ó sì dì í mú ṣinṣin. Ẹ má gbàgbé irin yẹn o.

Ọ̀nà kọ́kọ́ dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bọ́ sínú kòtò àkọ́kọ́, jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ẹni tí wọ́n ń fa aṣọ rẹ̀ látẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì ń ké, táyà kò fẹ́ yí. Òórùn nǹkan tó ń jóná gba inú ọkọ̀.

Jímọ̀ na imú síwájú. "Kílọ́ọ̀ṣì ló ń jóná, Ọ̀gá. Mo mọ òórùn rẹ̀."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Jímọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fún nǹkan kan le, ó jáde, ó wa jíìpù náà lọ wa á bọ̀. Ó ń fò bí ẹyẹ.

"Mo ti ṣe é," ni Jímọ̀ wí.

Gbogbo wọn wọlé. Ìyá Ìbídùn di irin rẹ̀ mú. Wọn kò tíì dé kòtò kejì tí jíìpù tún ń wọ́lẹ̀.

"Ẹ sáré, ẹ sáré!" ni Ìyá Ìbídùn ń pariwo. "Oòrùn ti ń yọ!" Bó sì ti ń sọ pé kí wọ́n sáré, bẹ́ẹ̀ ni àyà rẹ̀ ń já, bí àyà rẹ̀ sì ti ń já, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa ohun tó dì mú.

"Epo ló dọ̀tí," ni Jímọ̀ wí. Wọ́n tún sọ̀ kalẹ̀. Ó tú rọ́bà epo, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, ó gbé epo mì díẹ̀, ó wa ọkọ̀ wò. Ẹyẹ! Wọ́n wọlé. Ìjàpá!

Láníyan ní ẹrù ló pọ̀. Wọ́n já iṣu sílẹ̀ fún ìyá arúgbó kan létí ọ̀nà. Ìyá náà sì súre fún wọn, ṣùgbọ́n jíìpù kò gbọ́ ìre. Jímọ̀ wá fọwọ́ kan táyà ẹ̀yìn, ó sì yára fà á padà. O lè yan ẹ̀pà níbẹ̀.

"Háà! Bọ́ọ̀lù irin tó ń jẹ́ kí táyà yí ló ti fọ́!"

Gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀. Jímọ̀ fi jáàkì gbé e sókè, ó fi ìka kan ta táyà náà. Táyà ń yí bí òkòtó. Kò sí ohun tó ṣe é. Jímọ̀ jókòó sílẹ̀, ó di orí mú. "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí kì í ṣàìsàn bí mo bá ń wò ó. Bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ síléèwé ló ń ṣe."

Báyìí ni wọ́n ṣe wọ́ dé ìdí òkè. Ibẹ̀ ni jíìpù ti dúró pátápátá, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ Láníyan. Wọ́n rí òrùlé Òkè-Ọsàn lókè, oòrùn sì ti ń sún mọ́ ọn. Omijé lé sójú Ìyá Ìbídùn.

"Wọn á pè é ní Àjọkẹ́," ló ń wí. "Wọn á pè é ní Àjọkẹ́ lójú mi báyìí."

"Màmá," ni Jímọ̀ wí, "sípánà mi ti tán. Ó ku àdúrà."

Ìyá Ìbídùn na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Olúwa, jọ̀wọ́..."

Jíìpù fò sókè òkè! Adìẹ pariwo. Jímọ̀ ṣubú lu àpótí rẹ̀.

"Àmín!" ni Ìyá Ìbídùn kígbe. Ìbẹ̀rù mú un, ó tún di irin mú. Jíìpù dúró gbọin.

Láníyan yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàmín mọ́. Àmín ló ń dá a dúró."

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti yé wọn lọ́nà tiwọn. Àdúrà ni jíìpù ń jẹ. Ìyá Ìbídùn tún nawọ́ sókè, wọ́n sì ń lọ. Ó gbàdúrà fún Ìbídùn, fún ọmọ, fún àna. Ó gbàdúrà fún ìyá ọkọ Ìbídùn, pé kí ahọ́n rẹ̀ wúwo díẹ̀ láàárọ̀ yìí. Nígbà tí kò rí ẹni kankan mọ́, ó gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún adìẹ tí wọ́n ń gbé lọ pa. Ohùn rẹ̀ wá há. Jímọ̀ gbà á níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà ti ìmàle, Ìyá Ìbídùn sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbà á. Jíìpù náà kò bèèrè ẹ̀sìn. Ó ń gòkè lọ ni.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọwọ́ kan òrùlé nígbà tí wọ́n wọ àgbàlá. Ìyá ọkọ Ìbídùn ti gbé ọmọ lọ́wọ́, ó ti la ẹnu.

"Ẹ dúró o!" ni Ìyá Ìbídùn ké láti inú ọkọ̀, ó sì di irin rẹ̀ mú.

Ojú òkè ni àgbàlá náà wà, ó dagẹ̀rẹ̀. Láníyan pa ẹ́ńjìnnì, ó bọ́ sílẹ̀ lọ wá òkúta. Ṣùgbọ́n jíìpù kò mira.

"Ẹ wò ó," ni Láníyan wí, "àdúrà ti wo bíréèkì sàn!" Ó ju òkúta nù.

Ìbídùn gba ọmọ, ó gbé e wá sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Màmá, ẹ káàbọ̀. Ọmọ yín rèé."

A kì í fi ọwọ́ kan gba ọmọ tuntun. Ìyá Ìbídùn bọ́ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó gba ọmọ náà mọ́ àyà. Lẹ́yìn rẹ̀, jíìpù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Kò sáré. Ó rọra ń yí lọ ni, bí àlejò tó ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Àwọn àgbà orí bẹ́ǹṣì dìde fún un lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ọba ń kọjá. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, ó forí sọ igi ọsàn, ọsàn sì rọ̀ sórí rẹ̀ pó, pó, pó.

Jímọ̀ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ó ká ìborùn kúrò, ó fa irin náà, ó dì í mú. "Ọ̀gá, ẹ tì í kúrò lára igi." Láníyan ti ọkọ̀, kò lọ. Jímọ̀ fi irin sílẹ̀. Ó lọ.

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Ìbídùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Láníyan wí jẹ́jẹ́, "ní gbogbo ìgbà tí ẹ ń ní ká sáré..."

"Ìwọ lo ní kí n dì í mú!"

"Mo ní kí ẹ dì í mú, mi ò ní kí ẹ fà á."

"Ẹ̀rù ń bà mí, Láníyan. Ta ni ẹ̀rù ń bà tí kì í fa nǹkan?"

Láníyan dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn àgbà. "Tótó, ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹni tí ojú ń kán, kó wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà."

"Wàá rí òmíràn pa," ni wọ́n dáhùn. Ṣùgbọ́n baba kan gbé fìlà sókè. "Òwe ibo nìyẹn? N kò gbọ́ ọ rí."

"Tòní ni, Bàbá," ni Jímọ̀ wí. "Ó ṣì gbóná. Ẹ fọwọ́ kan táyà ẹ̀yìn."

Ìyá ọkọ Ìbídùn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó fi máa rántí ohun tó fẹ́ sọ, Ìyá Ìbídùn ti tẹ orí ba, ó ti sọ ọ́ sí ọmọ náà létí: "Àṣàkẹ́." Ọmọ náà yán.

Ẹ̀yìn ni Ìyá Ìbídùn jókòó sí nígbà tí wọ́n ń padà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jímọ̀, ó fi itan tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀, wọ́n ti dé Ìlapà.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá rí i tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń pariwo pé kí ẹ máa lọ, ilẹ̀ ti mọ́, tí mo sì di àpò yín mú tí mi ò jẹ́ kí ẹ lọ, ẹ kàn fẹ̀sọ̀ rán mi létí. Àwọn àgbà ti wí i: ẹni tí ojú ń kán, kó wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà.